Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Ta Ni A Ó Mú? Ẹ Bi Ìwé Wò

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ oko ti rẹ̀ yín. Ẹ gbé àtùpà súnmọ́ tòsí, kí ẹ ṣí ìwé yín.

Lónìí, ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni a fẹ́ kà. Ẹ má sọ pé, "Eré ọmọdé ni, kí ni ó kàn wá?" Ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ìwé kíkọ wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tó ń bá abúlé wa jà náà wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni bí a ṣe ń yan ènìyàn sí iṣẹ́. Ṣé orúkọ rẹ̀ ni a ń wò ni, àbí ohun tí ó ti ṣe?

1. ERÉ KÍRÍKẸ́Ẹ̀TÌ

Kíríkẹ́ẹ̀tì ni orúkọ eré náà. Àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1744, wọ́n kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní London. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti ṣe ìjọba, eré náà tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀: India, Pakistan, Australia, àti Nàìjíríà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ní tiwa, Faransé ni ó ṣe ìjọba lé wa lórí. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ kò fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ná ọjà dé Èkó lè ti rí i. Pápá kíríkẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀, ní Tafawa Balewa Square.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń pàdé. Ènìyàn 11 ni ó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bíi ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Wọ́n á ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta mọ́lẹ̀. Wọ́n á tún ri mẹ́ta mìíràn mọ́lẹ̀ ní iwájú, ní ọ̀kánkán wọn. Àárín méjèèjì tó mítà 20.

Ẹnì kan á sáré wá láti apá kan, á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le sí ibi igi mẹ́ta tó wà lápá kejì. Ẹ jẹ́ kí a pe ẹni yìí ní olùjù.

Ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ kejì á dúró síwájú igi náà, pátákó á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á gbá bọ́ọ̀lù náà kí ó má baà kan igi. Ẹ jẹ́ kí a pe ẹni yìí ní olùgbá.

Bí olùgbá bá gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ tó dúró lódìkejì á sáré pààrọ̀ àyè. Bí wọ́n bá pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìsáré 1 nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá yí gbirigbiri dé etí pápá, ìsáré 4 ni. Bí ó bá fò kọjá etí pápá láì kan ilẹ̀, ìsáré 6 ni.

Bí bọ́ọ̀lù olùjù bá wó igi, olùgbá jáde nìyẹn. Bí ẹnì kan nínú àwọn tó wà lórí pápá bá mú bọ́ọ̀lù tí ó gbá kí ó tó kan ilẹ̀, ó jáde pẹ̀lú. Ọ̀nà mìíràn wà tí ènìyàn fi ń jáde, ṣùgbọ́n méjì yìí tó wa fún ẹ̀kọ́ òní. Ẹgbẹ́ tí ìsáré rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ó borí.

Àwọn kan mọ̀ ọ́n gbá, wọn kò mọ̀ ọ́n jù. Àwọn kan mọ̀ ọ́n jù, wọn kò mọ̀ ọ́n gbá. Àwọn díẹ̀ mọ méjèèjì.

Ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìdíje àgbáyé wà ní Malaysia fún àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà lábẹ́ 19. Àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà pàdé ti New Zealand níbẹ̀. Òjò dí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì gé eré náà kúrú. Nàìjíríà ní ìsáré 65. New Zealand ní 63. Ìsáré 2 péré ni ó là wọ́n láàárín! Bí akọ̀wé bá sùn lọ díẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń kọ́? Ẹ rí i pé ẹni tó mú gègé lọ́wọ́ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ.

2. ÌWÉ TÍ WỌ́N FI Ń KA ÌSÁRÉ

Láyé àtijọ́, ọ̀bẹ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ka ìsáré. Wọ́n á mú igi kan, wọ́n á gé àmì sí i lára. Ìsáré kan, àmì kan. Ṣebí àwọn bàbá wa náà máa ń fi èédú fa ìlà sára ògiri, kí wọ́n lè mọ iye ẹrù iṣu tó wọlé? Ọgbọ́n kan náà ni.

Lónìí, ìwé ni wọ́n fi ń ṣe é. Òfin eré náà sọ pé akọ̀wé méjì ni kí ó wà, kí àwọn méjèèjì sì máa fi ìwé wọn wéra léraléra. Ní abúlé, ọ̀kan máa ń ti inú ẹgbẹ́ kìíní wá, èkejì láti inú ẹgbẹ́ kejì. Wọ́n á jókòó pọ̀. Bí ọ̀kan bá kọ 41, tí èkejì kọ 42, wọ́n á wá ibi tí àṣìṣe ti wọlé kí eré tó lọ jìnnà. Wọn kì í dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó máa jà.

Gbogbo bọ́ọ̀lù tí olùjù bá jù ni wọ́n ń kọ. Kò sí èyí tí wọ́n ń fò. Bí bọ́ọ̀lù kan kò bá mú ìsáré wá, wọ́n á kọ tóótó kan, báyìí: • Bí ó bá mú 1 wá, wọ́n á kọ 1. Bí ó bá mú 4 wá, wọ́n á kọ 4. Bí olùjù bá yọ olùgbá, wọ́n á kọ W. Bọ́ọ̀lù 6 ni olùjù kan ń jù tẹ̀léra. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn á jù láti apá kejì.

Ẹ ka èyí:

•   1   •   4   •   W

Bọ́ọ̀lù mélòó ni? 6. Ìsáré mélòó ni? 1 àti 4, ó jẹ́ 5. Ènìyàn mélòó ni ó jáde? Ẹnì kan.

Ẹ wò ó! Ẹni tí kò sí ní pápá rárá lè ka ìlà kan yìí, kí ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnu lè gbàgbé. Ẹnu lè fi kún un. Ìwé tí ènìyàn méjì jọ kọ kì í tètè purọ́.

3. ẸGBẸ́ ORÍ ÌWÉ

A ti dé ibi tí à ń lọ wàyí.

Ní abúlé àti ìlú kéékèèké ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ibi ni ó ní ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ oṣù ni àwọn tó ń gbá a ń fi ṣe. Olùkọ́ wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, àgbẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ ilé-ìwé náà wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹsàn-án ni wọ́n máa ń ṣe é, nígbà tí òtútù bá ti dín kù. Ọjọ́ Sátidé ni púpọ̀ nínú eré náà máa ń bọ́ sí. Ẹgbẹ́ tó bá tóbi máa ń pín ara rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù wà ní ìpín kìíní. Àwọn ọmọdé àti àwọn àgbà tí eegun wọn ti le wà ní ìpín tó kẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìdíje kan tí wọ́n ń fi ìwé ṣe. Àwa yóò pè é ní ẹgbẹ́ orí ìwé. Ó lọ báyìí.

Kí eré ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ á kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, láti ìpín kìíní dé ìpín tó kẹ́yìn. Wọ́n á fi iye owó síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe owó tòótọ́, owó orí ìwé ni. Ẹni tí wọ́n rò pé ó mọ̀ ọ́n jù, òun ni ó wọ́n jù.

Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ kópa á mú ènìyàn 11 nínú orúkọ wọ̀nyẹn. Iye owó tí a fún gbogbo ènìyàn dọ́gba. O kò gbọdọ̀ ná kọjá rẹ̀. Nítorí náà, o kò lè mú gbogbo àwọn tó wọ́n. Bí o bá ra ẹni ńlá kan, o ní láti wá ẹni tí kò wọ́n fi kún un.

Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ohun tí ènìyàn rẹ bá ṣe ní pápá tòótọ́, ìwọ náà gba ayò rẹ̀ lórí ìwé. O tún lè fi ẹnì kan ṣe balógun. Ní ibi púpọ̀, ayò balógun máa ń di ìlọ́po méjì. Nígbà tí ọdún bá parí, ẹni tí ayò rẹ̀ pọ̀ jù ni ó gbégbá orókè.

Ìyá tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí lè kópa. Bàbá arúgbó tó ń jókòó létí pápá lè kópa. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀. Nítorí pé owó kò ní tó ra àwọn ẹni ńlá nìkan, gbogbo ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn ẹni kékeré. "Ọmọ tó wà ní ìpín kẹta yẹn, báwo ni ó ṣe ń ṣe sí?" Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kì í wò tẹ́lẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó.

4. Ẹ JẸ́ KÍ A YAN

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin ayò tirẹ̀. Èyí tí a ó lò yìí, àwa ni a ṣe é fún ẹ̀kọ́ wa:

Ìsáré 1 jẹ́ ayò 1.
Ẹni tó bá yọ olùgbá kan gba ayò 20.
Ẹni tó bá mú bọ́ọ̀lù kan lófuurufú gba ayò 10.

Àwọn ènìyàn mẹ́fà nìyí. A fi iṣẹ́ wọn pè wọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe ní ọdún tó kọjá ni ó wà níwájú wọn. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀.

Olùkọ́: owó rẹ̀ 10. Ó wá sí eré 6. Ìsáré 300. Kò yọ ẹnikẹ́ni. Ó mú bọ́ọ̀lù 2.
Awakọ̀: owó rẹ̀ 9. Ó wá sí eré 14. Ìsáré 20. Ó yọ ènìyàn 22. Ó mú bọ́ọ̀lù 4.
Ọmọ alága: owó rẹ̀ 8. Ó wá sí eré 10. Ìsáré 120. Kò yọ ẹnikẹ́ni. Ó mú bọ́ọ̀lù 2.
Oníbúrẹ́dì: owó rẹ̀ 6. Ó wá sí eré 15. Ìsáré 150. Ó yọ ènìyàn 10. Ó mú bọ́ọ̀lù 5.
Àgbẹ̀: owó rẹ̀ 4. Ó wá sí eré 16. Ìsáré 80. Ó yọ ènìyàn 12. Ó mú bọ́ọ̀lù 4.
Ọmọ ilé-ìwé: owó rẹ̀ 3. Ó wá sí eré 12. Ìsáré 110. Ó yọ ènìyàn 3. Ó mú bọ́ọ̀lù 6.

A kò ní mú 11. Mẹ́rin ni a ó mú. Owó tí a ní jẹ́ 23.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò ayò Awakọ̀ pọ̀.
Ìsáré 20 jẹ́ ayò 20.
Ènìyàn 22 lọ́nà 20 jẹ́ 440.
Bọ́ọ̀lù 4 lọ́nà 10 jẹ́ 40.
20 + 440 + 40 = 500.

Ẹ fi ọ̀nà kan náà ṣírò ti àwọn yòókù sínú ìwé yín kí ẹ tó ka ìsàlẹ̀. Ẹ má yọjú o!

Ṣé ẹ ti ṣe é? Ó dára. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ rí nìyí:

Awakọ̀ 500. Oníbúrẹ́dì 400. Àgbẹ̀ 360. Olùkọ́ 320. Ọmọ ilé-ìwé 230. Ọmọ alága 140.

Ẹ wo ọmọ alága dáadáa. Owó 8 ni wọ́n fi lé e lórí, ṣùgbọ́n ayò 140 péré ni ó mú wá. Àgbẹ̀ tí owó rẹ̀ jẹ́ 4 mú 360 wá. Kí ló fà á? Nígbà tí ìgbìmọ̀ ń fi owó lé e, orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń rí. Wọn kò wo ìwé.

Ènìyàn mẹ́ta nìyí tí wọ́n yan ẹgbẹ́ wọn.

Ẹni kìíní ní ìjà pẹ̀lú Awakọ̀. Ó ní òun kò ní mú un láéláé. Ó mú ọmọ alága, Oníbúrẹ́dì, Àgbẹ̀ àti ọmọ ilé-ìwé. Owó tó ná: 8 + 6 + 4 + 3 = 21. Ayò rẹ̀: 140 + 400 + 360 + 230 = 1130.

Ẹnì kejì fẹ́ràn Olùkọ́, nítorí pé bí Olùkọ́ bá gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo pápá á hó yèè. Ó mú Olùkọ́, Oníbúrẹ́dì, Àgbẹ̀ àti ọmọ ilé-ìwé. Owó tó ná: 10 + 6 + 4 + 3 = 23. Ayò rẹ̀: 320 + 400 + 360 + 230 = 1310.

Ẹnì kẹta jókòó ti ìwé. Ó mú Awakọ̀, Oníbúrẹ́dì, Àgbẹ̀ àti ọmọ ilé-ìwé. Owó tó ná: 9 + 6 + 4 + 3 = 22. Ayò rẹ̀: 500 + 400 + 360 + 230 = 1490.

Ẹnì kẹta borí, owó 1 sì tún kù sí i lọ́wọ́. Ẹni kìíní fi ìbínú yan, ó sì pàdánù ayò 360. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

5. ÌWÉ NÌKAN KÒ TÓ

Ẹ má tíì pa ìwé dé o. Ọ̀rọ̀ Olùkọ́ kò tíì tán.

Eré 6 péré ni Olùkọ́ wá, síbẹ̀ ó ní ayò 320. Bí a bá pín 320 sí 6, ó jẹ́ 53, ó ku 2. Ìyẹn ni pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá wá, ó ń mú bíi ayò 53 bọ̀. Ẹ pín 500 ti Awakọ̀ sí 14. Ó jẹ́ 35, ó ku 10. Nítorí náà, bí àwọn méjèèjì bá wá, Olùkọ́ ju Awakọ̀ lọ!

Kí ló dé tí Olùkọ́ kò wá? Ìwé kò sọ. Bóyá ó fi ẹsẹ̀ ṣèṣe. Bóyá ìyàwó rẹ̀ bímọ. Bóyá kò fẹ́ràn láti máa jí ní ọjọ́ Sátidé. Ẹni tó gbọ́n á dìde, á lọ bi í léèrè. "Ọ̀gá, ṣé ẹ máa wà nílé lọ́dún yìí?" Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni ó dùn ún, tí ó sì ti san, tí ó sì wá sí eré 16, ẹ ṣírò rẹ̀: 53 lọ́nà 16 jẹ́ 848. Ní ọdún náà, ẹnì kejì tó mú Olùkọ́ ni yóò borí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìwà rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó wá, ìwà náà kò ní fi í sílẹ̀ nítorí pé ọdún yí padà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú délé nìyí. Ìwé ń sọ ohun tó ti kọjá. Ẹnu ń sọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ ka ìwé ná, kí ẹ tó fi ẹnu béèrè ohun tí ìwé kò sọ. Ẹ má fi ẹnu ṣáájú.

Balógun ń kọ́? Ẹni tí ayò rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ẹni tí kì í pa ibi iṣẹ́ jẹ ni kí ẹ fi ṣe é. Ìlọ́po méjì òfo, òfo náà ni.

6. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ÈMI FÚNRA MI

Mo fẹ́ sọ àṣìṣe mi fún yín. Kò dùn mọ́ mi láti sọ, ṣùgbọ́n yóò wúlò fún yín.

Ọdún tí mo kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ abúlé wa. Èmi ni mo mọ̀wé, wọ́n sì ní kí n máa bá balógun yan àwọn tó máa gbá. Lẹ́yìn ìkórè òwú, a ní eré pẹ̀lú abúlé kejì. Òbúkọ kan ni ẹ̀bùn rẹ̀.

Ọmọ Fúlàní kan wà láàárín wa. Màlúù ni bàbá rẹ̀ ń dà. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí a bá péjọ láti ṣe ìdánrawò ni ọmọ náà ń wá, láì wọ bàtà. Ó ń sáré bí ẹtu. Bí a bá ní kí ó dúró sẹ́yìn, á dúró. Bí a bá ní kí ó lọ síwájú, á lọ.

Nígbà tí eré ku ọjọ́ méjì, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti Kùtọnu dé. Ó wọ bàtà bọ́ọ̀lù tuntun. Gbogbo abúlé ń wò ó. Ìyá mi pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn o." Mo kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo yọ ti ọmọ Fúlàní náà.

Eré kò tíì dé ìdajì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ti pẹ́ tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn. Wọ́n gbá mẹ́ta wọlé wa, àwa kò gbá ẹyọ kan. Ọmọ Fúlàní náà dúró létí pápá, ó gbé kèrègbè omi dání fún wa. Kò sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò wá mọ́. Nígbà tó di ọdún kejì, inú ẹgbẹ́ abúlé kejì ni a ti rí i, òun ni ó sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé wa.

Mo ti rò ó títí. Òbúkọ tí a pàdánù kọ́ ni ó dùn mí jù. Èmi ni akọ̀wé, ìwé wà lọ́wọ́ mi, gègé wà lọ́wọ́ mi, n kò sì kọ ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni wá sílẹ̀. Bí mo bá ti kọ ọ́ ni, mi ò bá ti fi han ìyá mi. Mi ò bá ti sọ pé, "Ìyá mi, ẹ wò ó, ọmọ yìí wá ní gbogbo ọjọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò wá rí." Ìyá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bóyá ìbá ti gbà. Ṣùgbọ́n n kò ní ohun tí mo lè fi hàn án. Ẹnu lásán ni mo ní, ẹnu ìyá sì ju ẹnu ọmọ lọ.

7. Ẹ ṢỌ́RA FÚN TẸ́TẸ́

Ẹgbẹ́ orí ìwé tí mo sọ yìí, nínú ẹgbẹ́ abúlé, owó díẹ̀ ni wọ́n máa ń dá láti wọ inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú owó náà máa ń padà sínú àpò ẹgbẹ́. Wọ́n á fi ra bọ́ọ̀lù, wọ́n á fi gé koríko pápá. Àwọn tó ń kópa mọ ara wọn. Kò sí èyí tó ta iṣu nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó dára lè bàjẹ́. Ní India, níbi tí wọ́n ti fẹ́ràn kíríkẹ́ẹ̀tì gan-an, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá gbé irú eré yìí sórí tẹlifóònù. Ènìyàn ń san owó tòótọ́, wọ́n sì ń retí owó ńlá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pàdánù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àwọn aṣòfin India ṣe òfin tó ka eré orí tẹlifóònù tí a ń fi owó tòótọ́ ṣe léèwọ̀.

Lọ́dọ̀ wa náà, ẹ̀yin òbí, ẹ mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ń fi tẹlifóònù ta tẹ́tẹ́ lórí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Owó ajílẹ̀ ń wọ ibẹ̀. Owó ilé-ìwé ń wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn. Bí a bá fi ìṣirò ṣeré, ọgbọ́n ni ó kù sí wa lọ́wọ́. Bí a bá fi owó oúnjẹ ṣeré, ebi ni ó ń kù.

8. OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍ ABÚLÉ WA

A kò ní pátákó kíríkẹ́ẹ̀tì. Kò ṣe nǹkan kan. A ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, a ní ìwé, a sì ti mọ̀ ọ́n kọ.

Ẹ mú ìwé kan. Ẹ fa ìlà sí i. Ní apá òsì, ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ onílé àti ọmọ àlejò, láì yọ ẹnìkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́ tó wá. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ iye bọ́ọ̀lù tó gbá wọlé, àti iye èyí tó fún ẹlòmíràn gbá wọlé. Ènìyàn méjì ni kí ó máa kọ ọ́, kí wọ́n sì máa fi wéra ní gbogbo ọjọ́ eré. Kí àwọn méjì náà má ṣe ti inú agbolé kan náà wá.

Bí ọjọ́ eré bá dé, ẹ gbé ìwé sáàárín. Ẹ kà á sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ẹni tí wọn kò mú á mọ ìdí rẹ̀. Inú lè bí i, ṣùgbọ́n kò ní sọ pé nítorí pé òun kò ní bàbá ni. Yóò mọ ohun tí òun máa ṣe kí wọ́n lè mú òun lọ́jọ́ mìíràn.

Bákan náà ni, ẹ̀yin ìyá wa tó ń dá èsúsú. Bákan náà ni, ẹ̀yin bàbá wa tó ń ta òwú. Bí ẹ bá fẹ́ yan ẹni tó máa di owó mú, tàbí ẹni tó máa dúró ti òṣùwọ̀n, ẹ bi ìwé wò. Ta ni ó ń wá déédéé? Ìṣirò ta ni kì í yí padà? Orúkọ rere dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìwé jẹ́rìí sí i.

ÌBÉÈRÈ ÀTI IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Ẹ ka ìlà yìí:   1   •   4   4   •   6   Ìsáré mélòó ni ó wà nínú rẹ̀?

2. Ẹ ka ìlà yìí:   •   •   W   •   2   •   Ìsáré mélòó ni? Ènìyàn mélòó ni ó jáde?

3. Ẹnì kan ní ìsáré 45. Ó yọ olùgbá 2. Ó mú bọ́ọ̀lù 1. Ẹ fi òfin ayò tiwa ṣírò ayò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ balógun ń kọ́?

4. Ẹ fi owó 23 gbìyànjú láti mú Olùkọ́ àti Awakọ̀ pọ̀ sínú ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́rin. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.

5. Kí ló dé tí akọ̀wé fi gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì? Ẹ jíròrò rẹ̀ ní kíláàsì.

6. Bí ẹ bá wà ní ipò mi ní ọjọ́ tí ìyá mi pè mí sí kọ̀rọ̀, kí ni ẹ̀ bá sọ? Ẹ kọ ọ́ ní ìlà márùn-ún.

Ìdáhùn sí ìbéèrè 1 dé 4: (1) 15. (2) Ìsáré 2, ẹnì kan jáde. (3) 95, bí ó bá jẹ́ balógun, 190. (4) Kò ṣeé ṣe. 10 + 9 = 19. Owó 4 ni ó kù, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn méjì tó dín owó jù jẹ́ 3 + 4 = 7.

Ìbéèrè 5 àti 6 kò ní ìdáhùn nínú ìwé yìí. Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ ọ́. Bí a bá tún pàdé, ẹ ó kà á fún wa. Ó dàárọ̀ o.